John Harrison: Káfíńtà tó fi aago mú ọkọ̀ ojú omi mọ ọ̀nà

Àwọn tó ń gbé Ijora Badia kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi. Ojú irin tó lọ sí èbúté Apapa gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin àdúgbò náà ló ti fi iṣẹ́ èbúté tọ́ ọmọ. Láti àwọn ọdún 1920 tí wọ́n ti kọ́ èbúté náà ni àwọn ọkọ̀ ńláńlá ti ń la agbami kọjá wá síbẹ̀, tí wọ́n ń já ìrẹsì, ẹja inú yìnyín àti mọ́tò, tí wọ́n sì ń kó kòkó wa lọ. Ọkọ̀ tó kúrò nílùú òyìnbó lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láì rí ilẹ̀ kankan, kó jẹ́ omi níwájú, omi lẹ́yìn, síbẹ̀ ọ̀gákọ̀ mọ ibi tó wà.

Lóde òní, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti ojú sánmọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún un, aago ló sì wà nínú sátẹ́láìtì ọ̀hún. Kó tó di pé sátẹ́láìtì dé, aago náà ni wọ́n ń lò. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe aago tó ṣeé gbọ́kàn lé lórí òkun ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí. John Harrison ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́, kò gba oyè ìwé kankan ní yunifásítì, ó sì ti kú láti ọdún 1776.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó so aago pọ̀ mọ́ ọ̀nà orí omi. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, oòrùn á sì kọ́kọ́ kan àwọn tó wà lápá ìlà oòrùn kó tó kan àwọn tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kàntàrí fi ń kan àwọn ará Maiduguri ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 39 ṣáájú àwa tí a wà l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago kan náà ni gbogbo wa ń lò. Àwọn onímọ̀ pín àyíká ayé sí 360 dígírì, wọ́n sì fa àwọn ìlà òòró láti òkè ayé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń kọjá lórí dígírì kan. Láti Apapa dé Badagry kò ju bí ìdajì dígírì lọ, tó túmọ̀ sí bí ìṣẹ́jú méjì.

Nítorí náà, bí ọ̀gákọ̀ bá gbé aago tó ń sọ àkókò Lọ́ńdọ̀nù dání, tó sì wo oòrùn títí tó fi mọ ìgbà tí ọ̀sán pọ́n gan-an níbi tó wà, kó fi ọ̀kan wé èkejì ló kù. Bí ọ̀sán bá pọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, tí aago Lọ́ńdọ̀nù sì ń sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá àti ààbọ̀ kí agogo méjìlá lù, a jẹ́ pé orí ìlà Èkó ló wà. Lóòótọ́, àtúnṣe díẹ̀ máa ń wà nínú ìṣirò náà, nítorí oòrùn pàápàá kì í rìn déédéé láti oṣù dé oṣù. Ṣùgbọ́n bí aago ọwọ́ rẹ̀ bá fi ìṣẹ́jú méjì péré ṣìnà, ọ̀gákọ̀ á máa rò pé Apapa lòun dé, nígbà tó jẹ́ pé iwájú Badagry ló wà.

Nígbà tí Harrison wà lọ́mọdé, kò sí aago kan láyé tó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ọkọ̀ ń fì, ooru ń mú, òtútù ń mú, ọ̀rinrin ń wọ inú irin, aago á sì máa sáré lónìí, á tún máa fà lọ́la. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1707, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin forí sọ àpáta ní àwọn erékùṣù Scilly nítorí pé àwọn atukọ̀ wọn kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ju ẹgbẹ̀rún èèyàn lọ tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ, ọ̀gá wọn, Sir Cloudesley Shovell, sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1714, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tó bá lè wá ìlà òòró rí lórí òkun, tí àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìdajì dígírì lọ lẹ́yìn ìrìn àjò dé àwọn erékùṣù West Indies, yóò gba 20,000 pọ́n-ùn. Ìdajì dígírì ọ̀hún la ti fi Apapa àti Badagry wọ̀n yẹn. Owó ńlá gbáà ni nígbà náà.

A kò sì gbọ́dọ̀ fojú fo ohun tí wọ́n ń lọ ṣe ní àwọn erékùṣù náà. Ṣúgà ni, àwọn tó ń gbin ìrèké tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà ọ̀hún sì ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun bíi Badagry. Ọ̀nà tí aago Harrison là, gbogbo ọkọ̀ ló gbà á, rere àti búburú.

Ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1693 ni wọ́n bí i ní abúlé Foulby ní Yorkshire. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré ni ẹbí wọn kó lọ sí Barrow, létí odò Humber, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Àlùfáà kan yá a ní ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nípa ìmọ̀ ìṣirò àti bí nǹkan ayé ṣe ń rìn. Harrison jókòó ti ìwé náà, ó dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Yunifásítì tirẹ̀ nìyẹn.

Igi ló mọ̀ọ́ gbẹ́, nítorí náà igi ló fi ṣe aago rẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí ní 1713, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1722, ó ṣe aago ńlá kan fún ilé ọlọ́lá kan ní Brocklesby. Òróró ni ìṣòro àwọn aago ayé ìgbà náà. Bí epo pupa ṣe máa ń dì nígbà ọyẹ́, tó sì máa ń ṣàn bí omi nígbà ooru, bẹ́ẹ̀ ni òróró inú aago ń ṣe, aago á sì máa bá a yí ìrìn padà. Harrison lo igi líle kan tó ní òróró nínú ara rẹ̀, ó sì yẹra fún òróró pátápátá. Aago Brocklesby náà ṣì ń rìn títí di àkókò tiwa yìí.

Ó tún kojú ìṣòro kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ bí páànù orí ilé ṣe ń dún nígbà tí oòrùn bá mú mọ̀ pé irin máa ń gùn nínú ooru. Irin gígùn tó ń fì síwá sẹ́yìn nínú aago ògiri náà ń gùn bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti gùn, aago á fà sẹ́yìn. Harrison to ọ̀pá irin àti ọ̀pá idẹ pọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ń fa ìsàlẹ̀ aago náà lọ sílẹ̀, èkejì á máa tì í padà sókè. Òun àti àbúrò rẹ̀, James, ni wọ́n jọ ṣe àwọn aago náà.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé aago tó dára jù lọ ní gbogbo àdúgbò ń sọ òótọ́? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Aago kan kò lè jẹ́rìí fún ara rẹ̀, kò sì sí aago mìíràn ní Barrow tó tó èyí tí wọ́n lè fi wé tirẹ̀. Ojú ọ̀run ni Harrison kọjú sí. Lálaalẹ́ ni yóò dúró síbì kan náà nínú ilé rẹ̀, tí yóò máa wo etí fèrèsé rẹ̀ àti ihò èéfín orí ilé aládùúgbò rẹ̀. Bí ìràwọ̀ kan bá ti wọ ẹ̀yìn ihò èéfín náà, ẹnì kejì á ti máa ka aago. Ìràwọ̀ kì í purọ́: ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àáyá 56 ni ó fi ń ṣáájú àkókò tó wọ̀ lálẹ́ àná, láìyẹ̀. Lọ́nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé àwọn aago wọn kò fi ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà láàárín oṣù kan.

Ohun tí Harrison ń ṣe lójú fèrèsé yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ òṣùwọ̀n ń ṣe títí dòní, ìyẹn ni fífi òṣùwọ̀n wé òṣùwọ̀n tó jù ú lọ. Àgbẹ̀ tó bá ti gbé kòkó lọ sórí ìwọ̀n oníṣòwò rí, tí àpò tó wọ̀n nílé wá fúyẹ́ lójijì, mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ìyá tó ti ra gààrí pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀ka tó ń yẹ òṣùwọ̀n ọjà àti ẹ̀rọ epo bẹntiróòlù wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn lọ́jà wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1730, Harrison gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Edmond Halley, àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ ìjọba, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ní kó lọ rí George Graham tó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn aláago. Graham yá a lówó láìgba èlé. Ọdún márùn-ún ló fi ṣe aago ojú omi àkọ́kọ́, tí wọ́n wá ń pè ní H1. Kílógíráàmù 34 ló wọ̀n, ẹrù ọkùnrin kan gidi. Ní 1736, wọ́n gbé òun àti aago rẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ sí Lisbon ní ilẹ̀ Pọtogí. Òkun kò bá Harrison lára mu rárá, àmọ́ aago rẹ̀ ṣe dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ilẹ̀ kan yọ lókèèrè. Àwọn atukọ̀ ní Start ni, Harrison ní irọ́ ni, Lizard ni. Òun ló sì jàre. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ìṣirò ti wọn, àṣìṣe náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ẹlòmíì ì bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó níbẹ̀. Harrison fúnra rẹ̀ ló sọ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn sórí ọ̀rọ̀ náà pé aago òun kò tíì dára tó, kí wọ́n fún òun lówó díẹ̀ kí òun ṣe òmíràn. Ó ṣe H2, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ H3, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì lò lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọdún yẹn pọ̀ jù, àwọn tó wá ń bínú sí i nínú ìgbìmọ̀ kò ṣàdédé bínú. Àfi bó ṣe di 1759 tó gbé H4 jáde. Èyí kì í ṣe ẹrù mọ́. Ó dà bí aago àpò ńlá, ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, kò sì wọ̀n tó kílógíráàmù méjì.

Harrison ti tó ẹni ọdún 68 nígbà tí ìdánwò dé, nítorí náà William ọmọ rẹ̀ ló tẹ̀ lé aago náà. Oṣù kọkànlá ọdún 1761 ni ọkọ̀ Deptford gbéra lọ sí Jàmáíkà. Lójú ọ̀nà, ọtí bíà inú ọkọ̀ bàjẹ́, gbogbo atukọ̀ sì ń retí erékùṣù Madeira kí wọ́n lè rí nǹkan mu. Ọ̀gákọ̀ ní ibì kan ni àwọn wà, William ní ibòmíràn ni, pé lọ́jọ́ kejì ni wọn yóò rí ilẹ̀. Ọjọ́ kejì náà ni wọ́n rí i. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Jàmáíkà ní oṣù kìíní ọdún 1762, tí wọ́n ti ṣírò ìfàsẹ́yìn ojoojúmọ́ aago náà mọ́ ọn, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àti díẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ tó ju ọgọ́rin lọ.

Ìgbìmọ̀ kò gbà. Wọ́n ní ó lè jẹ́ àbámọ̀ọ́bọ̀ sí, pé ìlà òòró Jàmáíkà gan-an kò tíì dájú. Ohun tó sì wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ìfàsẹ́yìn tí a mẹ́nu bà yẹn. Kò sí aago tí kì í yára tàbí fà díẹ̀. Aago tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan yára lójúmọ́ kì í ṣe aago burúkú, bí olúwa rẹ̀ bá ti mọ̀, tí kì í fi méjì yára lónìí kó tún fi mẹ́ta fà lọ́la. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ iye náà kí ọkọ̀ tó gbéra. Bó bá dúró dìgbà tó gúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ó yí iye náà bá ibi tó ti rí mu? Kò sí àkọsílẹ̀ tí tọ̀túntòsì fẹnu kò lé lórí ṣáájú ìrìn àjò Jàmáíkà. Ó dùn Harrison wọra, àmọ́ lórí kókó yìí, mo rò pé ìgbìmọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Wọ́n tún ìdánwò ṣe ní 1764, lọ sí Barbados, nínú ọkọ̀ Tartar. Lọ́tẹ̀ yìí, William kọ iye tí aago náà fi ń yára lójúmọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní èbúté. Wọ́n ti rán àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣáájú, Nevil Maskelyne sì wà lára wọn, láti fi ojú ọ̀run wá ìlà òòró Barbados. Lẹ́yìn ọjọ́ 47, àṣìṣe aago náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 39. Ìṣẹ́jú méjì ni òfin fàyè gbà. Ó ti yege ní ìlọ́po mẹ́ta.

Síbẹ̀, ìdajì owó náà ni wọ́n fún un ní 1765, lẹ́yìn tó ti tú aago rẹ̀ palẹ̀ níwájú wọn tó sì ṣàlàyé gbogbo àṣírí inú rẹ̀. Wọ́n ní kó tó gba ìyókù, wọ́n gbọ́dọ̀ rí òmíràn tó dà bíi tirẹ̀. Ní ọdún kan náà ni Maskelyne di àgbà onímọ̀ ìràwọ̀ ìjọba ní Greenwich, òun ni wọ́n sì gbé aago lé lọ́wọ́ láti yẹ̀ wò. Òṣùpá ni Maskelyne fúnra rẹ̀ gbà pé ó yẹ kí àwọn atukọ̀ máa fi wá ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n wá kó àwọn aago náà nílé Harrison ní 1766, H1 já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́wàá ni H4 lò ní Greenwich, àbọ̀ tó sì jáde kò dára. Ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi oníṣòwò kòkó ṣe olùyẹ̀wò ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n Maskelyne kì í ṣe ọ̀tá àwọn atukọ̀. Ìwé ìṣirò òṣùpá tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ fún ọdún 1767 ran ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́, nítorí aago ti wọ́n jù. Èyí tí Larcum Kendall ṣe ní àwòkọ H4 ná ìjọba ní 450 pọ́n-ùn.

Harrison ti lé ní ẹni ọdún 75. Ó tún jókòó, ó ṣe H5. William gbé e tọ Ọba George Kẹta lọ, ẹni tó ní ilé ìwo-ìràwọ̀ tirẹ̀. Ní 1772, ọba fúnra rẹ̀ ń wá yẹ aago náà wò lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, aago náà ń ṣe ségesège, ojú sì ń ti William. Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí pé òkúta òòfà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nítòsí ibi tí wọ́n gbé aago sí, òòfà ọ̀hún ló ń fa irin inú rẹ̀. Wọ́n kó òòfà kúrò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, àpapọ̀ àṣìṣe aago náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ọba gbèjà wọn, nígbà tó sì di 1773, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún Harrison ní 8,750 pọ́n-ùn. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ìgbìmọ̀ náà kò fìgbà kankan kéde pé òun ló gba ẹ̀bùn ńlá yẹn.

Ní àkókò yẹn gan-an, James Cook ti gbé aago Kendall wọ òkun lọ, láti 1772 sí 1775, láti inú ooru gbígbóná dé ibi tí òkun ti di yìnyín. Ó padà bọ̀ pẹ̀lú ìyìn fún un. Harrison gbọ́ ìròyìn náà kó tó kú ní ilé rẹ̀ ní Red Lion Square, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1776. Hampstead ni wọ́n sin ín sí.

Láàárín ọgọ́ta ọdún, aago ti di ẹrù tí ọkọ̀ ńlá kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní. Ní 1833, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan sórí òrùlé ní Greenwich, tó máa ń já wálẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán gééré, kí gbogbo ọkọ̀ tó wà lórí odò Thames lè fi yẹ aago wọn wò kí wọ́n tó gbéra. Ìlà Greenwich yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò lé lórí ní 1884 pé kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìkà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ tiwa. Reluwé Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, ọkọ̀ ojú irin kò sì ṣeé fi oòrùn wọ̀n. Ní oṣù keje ọdún 1905, wọ́n ní kí Èkó máa lo àkókò Greenwich. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n padà sí àkókò oòrùn Èkó, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú ti Greenwich. Ní 1914, wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, ó di wákàtí kan gbáko. Wákàtí kan yẹn náà ni gbogbo aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé di báyìí.

Àwọn aago Harrison ti dípẹtà nígbà tí ọ̀gágun ojú omi kan, Rupert Gould, bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe ní 1920. Greenwich ni wọ́n wà. Ohun kan ló kù nínú ọ̀rọ̀ bàbá náà. Ní 1775, ọdún kan kó tó kú, ó tẹ ìwé kan tó fi sọ pé òun lè ṣe aago tó ń fì tí kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá kan ṣìnà láàárín ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní orí ti dàrú mọ́ arúgbó lọ́wọ́. Aláago kan, Martin Burgess, wá ṣe aago náà ní ìlànà tí Harrison fi lélẹ̀. Wọ́n gbé e sí Greenwich, wọ́n fi èdìdì di àpótí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án, wọ́n sì fi í wé àkókò tí wọ́n ń gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn aago tó dájú jù láyé. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ pé ní 1915 ó lé ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 2015, wọ́n ka aago náà: àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ìṣẹ́jú àáyá kan.